Nọ́ọ̀sì Etí Òkun

Ẹni tí kò bá dé ilẹ̀ Ìlàjẹ rí lè rò pé kò sí ìlú tí mọ́tò kò lè dé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ọkọ̀ láti Òkìtìpupa, tí ó sì gúnlẹ̀ sí Igbókọ̀dá, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ilẹ̀ ti fi iṣẹ́ lé ọ̀nà omi lọ́wọ́. Ní èbúté ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń wọlé, òmíràn ń jáde. Àwọn kan ń fi àjẹ̀ wà, àwọn mìíràn ń fi ẹ́ńjìnnì sáré. Àwọn ni wọ́n ń kó ènìyàn, ẹja, pákó àti púpùrù lọ sí Ayétòrò, sí Ugbónla, sí Àwòyè àti sí àwọn ìletò kéékèèké tí ó wà káàkiri etí òkun. Ní púpọ̀ nínú àwọn ìletò wọ̀nyí, orí òpó igi ni a kọ́ ilé lé. Pákó ni a fi ṣe afárá láti ilé dé ilé. Omi wà lábẹ́ ilé, omi wà níwájú ilé, òkun ńlá sì ń hó lẹ́yìn ilé.

Àwọn ará Ìlàjẹ kò bẹ̀rù omi. Ọmọdé wọn mọ àjẹ̀ í wà kí ó tó mọ ìwé í kà. Síbẹ̀, omi tí ó ń fún wọn ní ẹja ni ó ń mú ìtọ́jú aláìsàn ṣòro láàrin wọn. Omi pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe é mu kò pọ̀, nítorí iyọ̀ òkun ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Òjò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbẹ́kẹ̀lé. Ẹ̀fọn kò jìnnà sí ibi tí omi bá dúró sí. Nítorí náà ibà àti ìgbẹ́ gbuuru kì í ṣe àlejò ní etí omi. Bí àìsàn bá sì le, ọ̀nà jìn sí ilé ìwòsàn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bí ìjì bá ń jà, tàbí bí ewéko ojú omi bá dí ojú ọ̀nà, ẹni tí ó ní ọkọ̀ pàápàá yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó ṣíkọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ti nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní irú ibi bẹ́ẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ nípa nọ́ọ̀sì tí ó dúró sí wọ́ọ̀dù tí ó ń dúró kí a gbé aláìsàn wá bá òun. Èyí tí a ń wí ni ẹni tí ó ń tọ aláìsàn lọ sí ilé rẹ̀, tí ó ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, tí ó ń bá a pète ohun tí yóò ṣe, tí ó ń bá a wá dókítà nígbà tí ó bá yẹ, tí kò sì ní pa ojú ìwé náà dé títí ara aláìsàn náà yóò fi dá. Iṣẹ́ yìí ni a ó máa pè ní ìtọpasẹ̀ aláìsàn.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí irú iṣẹ́ yìí fi ṣe pàtàkì? Ẹ wo ọ̀nà tí ènìyàn kan ń gbà kí ó tó rí ìwòsàn. Ó lè kọ́kọ́ ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri. Bí kò bá san, a ó gbé e lọ sí ilé àdúrà tàbí sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí. Láti ibẹ̀ a ó gbé e lọ sí ibùdó ìlera. Ibùdó ìlera yóò ní kí ó máa lọ sí Igbókọ̀dá. Igbókọ̀dá lè ní kí ó máa lọ sí Òkìtìpupa tàbí Àkúrẹ́. Olúkúlùkù àwọn tí ó bá pàdé ni ó ṣe ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ̀ bóyá aláìsàn náà dé ibi tí a rán an lọ? Ta ni ó mọ̀ bóyá ó lo oògùn tí a fún un tán? Àárín ibì kan sí ibì kejì ni aláìsàn ti máa ń sọnù. Ẹni tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kankan. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí a ń sọ yìí ni pé kí ẹnì kan wà tí yóò lè wí pé, "Aláìsàn yìí, èmi ni ó wà lọ́wọ́ mi."

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun ní ayé. Ní ọdún 1859, ní ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ William Rathbone gba nọ́ọ̀sì kan, Mary Robinson, pé kí ó máa lọ tọ́jú àwọn tálákà ní ilé wọn. Nọ́ọ̀sì yìí kan náà ni ó ti tọ́jú ìyàwó Rathbone nígbà tí ó ń ṣàìsàn. Ní ọdún 1893, ní New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì Lillian Wald bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn àlejò tálákà tí wọ́n há mọ́ inú ilé tóóró. Ó rí i pé bí a bá fẹ́ wo àìsàn sàn, a gbọ́dọ̀ mọ ilé tí aláìsàn ń sùn, oúnjẹ tí ó ń jẹ, àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ní ilẹ̀ tiwa náà, àpẹẹrẹ ńlá kan wà tí gbogbo ayé fi kọ́gbọ́n. Ní ọdún 1956 ni dókítà kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò pẹ́ tí ó fi ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọdé tí a ń gbé wá sí ilé ìwòsàn kò ní ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀ bí a bá ti rí wọn ní kùtùkùtù. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: àwọn ni wọ́n ń wọn ọmọ, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú àìsàn tí ó wọ́pọ̀, àwọn ni wọ́n sì ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe káàdì kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti wúwo tó ní oṣù kọ̀ọ̀kan ni a ó fi àmì sí i lórí káàdì náà. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà dáradára. Bí ó bá dúró sójú kan tàbí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ewu ń bọ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò ha ti wí pé, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó?

Ohun kan wà nípa káàdì yìí tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn. A kò tì í mọ́ inú àpótí ní ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni ó ń gbé e lọ sí ilé. Ibi yòówù tí ó bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ, ìtàn ọmọ náà ń bá a lọ. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ayé. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè sì péjọ ní Alma-Ata ní ọdún 1978, wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé ìtọ́jú àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà ní itòsí ibi tí ènìyàn ń gbé. Ní ọdún 1988, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, ìjọba Nàìjíríà fi ọgbọ́n yìí ṣe ìpìlẹ̀ ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè wa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sí etí òkun, kí á wo bí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọpasẹ̀ náà. Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni ó ní. Láti lè yé wa dáradára, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo aboyún kan tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje ní ìletò kan lórí omi. Apẹja ni ọkọ rẹ̀. Ní ìgbà tí obìnrin náà bí ọmọ rẹ̀ ìṣáájú, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí fún gbogbo obìnrin.

Ìṣísẹ̀ kìn-ín-ní ni wíwá aláìsàn rí. Nọ́ọ̀sì kì í dúró de obìnrin yìí. Ó ń bi àwọn obìnrin tí ń yan ẹja pé ta ni ó lóyún ní àdúgbò wọn. Ó ń bi ìyá àgbẹ̀bí. Ó ń bi àwọn ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí ó bá ti gbọ́, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ibẹ̀, yóò sì kọ orúkọ aboyún náà sínú ìwé.

Ìṣísẹ̀ kejì ni yíyẹ̀ ẹ́ wò. Yóò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń ru. Yóò wo ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n wú. Yóò bi í bóyá orí ń fọ́ ọ tàbí ojú rẹ̀ ń ṣú. Àmì wọ̀nyí ni wọ́n máa ń ṣáájú gìrì tí ń pa aboyún. Yóò bi í nípa ọmọ tí ó ti bí tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yóò ti jáde. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀wò nọ́ọ̀sì kò mọ sí ara nìkan. Yóò tún wádìí ta ni ó ní ọkọ̀ ní ilé náà, ta ni ó ń mú owó jáde, àti ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀.

Ìṣísẹ̀ kẹta ni ìpète. Níbí ni ìwà pẹ̀lẹ́ nọ́ọ̀sì ti wúlò jù. Ẹ jẹ́ kí á wí pé ìyá ọkọ aboyún náà ni àgbà ilé. Nọ́ọ̀sì yóò kúnlẹ̀ kí i, yóò sì wí pé, "Ìyá, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀wọ́, bí ìrọbí bá mú ìyàwó yín ní òru, ta ni yóò wa ọkọ̀?"

Ìyá lè dáhùn pé, "Ọmọ mi, Ọlọ́run ni yóò wà pẹ̀lú wa."

"Àmín, Ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́run bá ti fún wa ní ọkọ̀, ta ni yóò di àjẹ̀ mú?"

Ìyá yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dárúkọ ọmọ arákùnrin rẹ̀ kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Báyìí ni a ti rí awakọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pète owó epo ẹ́ńjìnnì, èyí tí a ó máa tọ́jú díẹ̀díẹ̀ sínú kóló. Wọn yóò pète ibi tí aboyún náà yóò bímọ sí. Nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà lára rẹ̀ nígbà ìṣáájú, nọ́ọ̀sì yóò bẹ̀ wọ́n pé kí ó lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan kan ní Igbókọ̀dá bí oṣù rẹ̀ bá ti pé, kí ó má ṣe dúró de ìrọbí lórí omi.

Ìṣísẹ̀ kẹrin ni síso aláìsàn pọ̀ mọ́ àwọn tí wọn yóò ràn án lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì yóò kọ ìwé sí ilé ìwòsàn, yóò sì fi tẹlifóònù bá wọn sọ̀rọ̀, kí ó má bà á jẹ́ pé aboyún náà yóò dé ibẹ̀ tí wọn yóò tún máa bi í ní ohun tí a ti bi í. Dókítà ni yóò pinnu oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì ni yóò rí i pé ohun tí dókítà pinnu dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Kì í ṣe pé ẹnì kan tóbi ju ẹnì kejì lọ níhìn-ín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìṣísẹ̀ karùn-ún ni pípadà lọ wò. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, òun sì ni ọkàn iṣẹ́ náà. Bí ọjọ́ tí a dá bá pé tí aboyún kò wá, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ wí pé, "Òun ni kò wá." Yóò wọ ọkọ̀ lọ wo ohun tí ó dá a dúró. Bóyá ọkọ rẹ̀ ló ti gbé ọkọ̀ wọn lọ sí òkun. Bóyá ara rẹ̀ ni kò yá. Àjọ ìlera àgbáyé dá a lábàá ní ọdún 2016 pé ó yẹ kí aboyún bá òṣìṣẹ́ ìlera pàdé ní ìgbà mẹ́jọ, ó kéré tán, kí ó tó bímọ. Bí ó bá sì ti bímọ, iṣẹ́ kò tíì parí. Láàrin wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ni ẹ̀jẹ̀ dídà lè pa ìyá. Nítorí náà nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bí alẹ́ ọjọ́ náà ti rí àti bí ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ti rí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fi irú ọgbọ́n yìí ṣe ètò kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò jẹ́ gómìnà láti ọdún 2009 títí di ọdún 2017. Orúkọ ètò náà ni Abíyẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Ìgbàrà-Òkè, ni a ti kọ́kọ́ dán an wò ní ọdún 2009 kí ó tó tàn ká ìpínlẹ̀ náà. Àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ wádìí ohun tí ń pa aboyún, wọ́n sì rí i pé ìdádúró mẹ́rin ni. Èkínní ni ìdádúró ní ilé, nígbà tí a ń ṣiyèméjì bóyá kí á lọ. Èkejì ni ìdádúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni ìdádúró ní ilé ìwòsàn, nígbà tí aláìsàn ti dé ṣùgbọ́n tí a kò tètè dá a lóhùn. Ẹ̀kẹrin ni ìdádúró nígbà tí ibùdó kékeré kò tètè fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ibi tí ó tóbi.

Láti lé ìdádúró wọ̀nyí lọ, wọ́n yan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan tí a pè ní Health Rangers, èyí tí a lè pè ní ẹ̀ṣọ́ ìlera. Aboyún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni a fi sábẹ́ ìtọ́jú ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó máa bẹ̀ wọ́n wò ní ilé, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ olúkúlùkù wọn. A fún àwọn aboyún ní tẹlifóònù kí wọ́n lè pe ẹ̀ṣọ́ wọn nígbàkígbà. Ní ibi tí mọ́tò ńlá kò lè wọ̀, a fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé aláìsàn. Ní ọdún 2010, a ṣí ilé ìwòsàn ńlá kan fún ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́. Nígbà tí ó sì hàn pé ọ̀pọ̀ aboyún ṣì ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ilé àgbẹ̀bí àwọn ìjọ, a dá ètò Agbẹ̀bíyẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2014, tí ó ń fún àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀bùn bí wọ́n bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn. A kò bú wọn, a kò sì lé wọn. A sọ wọ́n di alábàáṣiṣẹ́.

Ẹ kíyèsí nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn. Ẹni tí a fi aboyún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sábẹ́ rẹ̀ lè mọ ojú wọn àti orúkọ wọn, ó sì lè mọ ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn kò wá. Bí a bá fi ẹgbẹ̀rún kan lé e lọ́wọ́, ìwé nìkan ni yóò mọ̀.

Kì í ṣe aboyún nìkan ni irú ìtọ́jú yìí wà fún. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà. Oṣù mẹ́fà ni a sábà máa ń fi lo oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó pé, ikọ́ lè dáwọ́ dúró, ara lè le, aláìsàn lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáradára. Ìgbà náà gan-an ni ewu wà. Yóò wí pé ara òun ti dá, yóò sì sọ oògùn nù. Àwọn kòkòrò tí kò tíì kú nínú àyà rẹ̀ lè tún dìde, tí oògùn àkọ́kọ́ kò sì ní ràn wọ́n mọ́. Lẹ́yìn èyí, àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú ilé kan náà wà nínú ewu.

Apẹja Ìlàjẹ sì rèé, ẹni tí kì í gbé ibì kan. Ẹja ni ó ń tọ̀ lẹ́yìn. Ó lè wà ní Ayétòrò ní oṣù yìí, kí ó wà ní Èkó ní oṣù tí ń bọ̀, tàbí kí ó kọjá lọ sí àgọ́ àwọn apẹja ní ilẹ̀ Benin tàbí Cameroon. Bí nọ́ọ̀sì bá wí fún un pé kí ó má ṣe lọ, ebi yóò pa àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì ní gbà. Nọ́ọ̀sì ọlọ́gbọ́n yóò bi í léèrè ibi tí ó ń lọ, yóò kọ ìtọ́jú rẹ̀ sí káàdì fún un, yóò kọ ìwé sí ibùdó ìlera tí ó wà níbẹ̀, yóò sì bẹ ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń lọ pé kí ó máa wò ó bí ó ti ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Yóò sì ṣe àyẹ̀wò ìyàwó àti àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ní ilé.

Níbí ni ọgbọ́n káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ti tún wúlò. Òkun ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, àwọn ènìyàn sì ti ṣí kiri nítorí rẹ̀. Níbi tí ilé fúnra rẹ̀ kò bá dúró, ìwé tí a tì mọ́ inú ilé kò lè dúró. Ìtàn aláìsàn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ aláìsàn, kí ó sì wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Bí omi bá gba ọ̀kan, èkejì yóò kù.

Àwọn kan lè wí pé, "Ohun tí a nílò ni dókítà, kí ni nọ́ọ̀sì lè ṣe?" Òtítọ́ ni pé a nílò dókítà. Nọ́ọ̀sì kò lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ìtọpasẹ̀ kò sì lè rọ́pò oògùn. Bí nọ́ọ̀sì bá fi òru kan gbé aboyún la omi já, tí ó sì dé ilé ìwòsàn tí kò sí iná, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà sí i lára, tí kò sí dókítà, asán ni ìrìn àjò náà. Ṣùgbọ́n ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà, kí ẹ sì wò ó. Dókítà tí ó gbọ́n jùlọ, nínú ilé ìwòsàn tí ó dára jùlọ, kò lè wo ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà láti ilé aláìsàn dé tábìlì dókítà, apá kan ìwòsàn ni. Ó sì yẹ kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú ọ̀nà náà.

Nítorí náà, bí ìlú bá fẹ́ irú nọ́ọ̀sì yìí, ohun tí ó gbọ́dọ̀ fún un kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó gbọ́dọ̀ fún un ní ọkọ̀ àti epo, aṣọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ilé tí ó lè sùn, owó oṣù tí a ń san ní àsìkò, àti ibi títutù tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ti ní bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní igbákejì pẹ̀lú, kí ìwé má ba à dúró lọ́jọ́ tí ara òun náà kò bá yá. Nọ́ọ̀sì náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ó wọ inú ilé ènìyàn. Ó rí ohun tí àlejò kì í rí. Ohun tí ó bá rí, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní èbúté. Bí aláìsàn kan bá gbọ́ àṣírí ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìlẹ̀kùn ogún ilé ni yóò tì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan nínú yín yóò di nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ọjọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní láti dúró de ọjọ́ náà. Ẹni tí ó lè kàwé lè ka ohun tí a kọ sí káàdì fún ìyá tí kò mọ̀wé. Ẹni tí ó mọ ọjọ́ lè rán aboyún ilé rẹ̀ létí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún un. Ẹni tí ó lè wa ọkọ̀ lè wà á lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n nítorí àìsí wọn ni ọ̀pọ̀ ìyá kò fi padà wá sí ilé. Ìlú tí ó mọ orúkọ àwọn aláìsàn rẹ̀, tí ó sì ń bi léèrè bí wọ́n bá pẹ́ kí a tó rí wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo wọ́n sàn.

ÌTUMỌ̀ ÀWỌN Ọ̀RỌ̀

Ìtọpasẹ̀: títẹ̀lé ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé òpin.
Èbúté: ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí.
Ìrọbí: ìrora tí ń mú aboyún nígbà tí ó fẹ́ bímọ.
Púpùrù: oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tí a sì fi èéfín yan, tí àwọn ará Ìlàjẹ fẹ́ràn.
Kóló: ìkòkò tàbí àpótí kékeré tí a ń fi owó pamọ́ sí.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìdí tí omi fi ń mú ìtọ́jú aláìsàn ṣòro ní etí òkun Ìlàjẹ?
2. Ṣàlàyé gbólóhùn yìí: "Ẹni tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kankan."
3. Dárúkọ ìṣísẹ̀ márùn-ún tí ó wà nínú iṣẹ́ ìtọpasẹ̀ aláìsàn. Èwo nínú wọn ni òǹkọ̀wé pè ní ọkàn iṣẹ́ náà, kí sì ni ìdí rẹ̀?
4. Kí ni ìdádúró mẹ́rin tí ètò Abíyẹ́ fẹ́ lé lọ?
5. Kí ni ìdí tí ó fi dára kí káàdì aláìsàn wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀?
6. Lo òwe yìí nínú gbólóhùn tìrẹ: "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè."

ÀRÒKỌ

Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú àwọn àkọlé wọ̀nyí:
(a) Ọ̀nà tí aláìsàn ń gbà láti ilé wa dé ilé ìwòsàn.
(b) Nọ́ọ̀sì wúlò fún ìlú bí dókítà ti wúlò. Ǹjẹ́ o gbà bẹ́ẹ̀?
(d) Lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi tí yóò máa gbé aláìsàn.